Kí Ọmọ Tó Tẹ “Accept”: Yíyan Yunifásítì Lẹ́yìn Tí Àyè Ti Dé

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí àti ọ̀dọ́ Yorùbá ní Àbújá)

Àwọn aṣáájú wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé wa lọ́dọọdún: ọmọ ti ṣe JAMB, àyè ti dé, ṣé kí a gbà á ni, àbí kí a wá ibòmíràn?

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ títí di ìparí. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni ọmọ ń wọ̀, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sára géètì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ló yẹ kí a wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò kí a tó ní a gbà, ọmọ tó máa kàwé níbẹ̀ ló sì yẹ kó wà níwájú nínú ìwádìí ọ̀hún.

Ohun tó wà lójú òpó CAPS

Ní 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ìdánwò àti ìgbaniwọlé yunifásítì. Ní 2017, àjọ náà gbé CAPS kalẹ̀, ìyẹn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ìgbaniwọlé gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Yunifásítì á dábàá orúkọ, JAMB á fọwọ́ sí i, ọmọ á sì bá a lójú òpó tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tó di ọ̀gá àgbà JAMB ní 2016, ti sọ ọ́ léraléra pé ìgbaniwọlé tí kò bá gba orí CAPS kọjá kò bófin mu. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ JAMB máa rí ìṣòro lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní NYSC.

Ẹ jẹ́ kí a wo ojú òpó náà dáadáa. Bí ọmọ bá ṣí i, á rí orúkọ yunifásítì àti orúkọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un. Á tún rí ibi méjì tó lè tẹ̀: ọ̀kan ní kó gbà, èkejì ní kó kọ̀. Ìka kan ló ń tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú àáyá kan ló sì ń gbà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ayé ọmọ náà ló wà lábẹ́ ìka yẹn. Ní ọ̀pọ̀ káfé ní Kubwa àti Nyanya, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ ẹ́ bá wọn. Bàbá wà lórí fóònù, ọmọ dúró lẹ́yìn àga, wọ́n ti ń pariwo “a dúpẹ́” kí ẹnikẹ́ni tó ka orúkọ ẹ̀kọ́ náà dé ìparí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ ládùúgbò. Ọmọbìnrin kan fẹ́ di dókítà. Medicine ló kọ sílẹ̀. Máàkì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò tó iye tí yunifásítì náà gé e sí. Anatomy ni wọ́n fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, yunifásítì aládàáni kan ní Àbújá pe bàbá rẹ̀ pé àyè Nursing wà. Àǹtí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ní kó má gba ìkankan, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyá rẹ̀ ní, “Gba Anatomy yẹn, kó o ṣáà wọlé ná. Tó o bá dé ọ̀hún, wàá cross lọ sí Medicine.” Ta ló sọ òótọ́ nínú wọn?

Kí a tó dáhùn, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yàn nílẹ̀ òkèèrè. Ní Bìrìtéènì, ètò UCAS gba ọmọ láàyè láti di méjì mú: èyí tó fẹ́ gan-an, àti èyí tó máa gbà á bí máàkì rẹ̀ kò bá tó ti àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ṣe gbèdéke ìdáhùn. Ọmọ á to lẹ́tà rẹ̀ kalẹ̀, á fi iye tí olúkúlùkù fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wéra. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹyọ kan ló sábà máa ń dé, ìbẹ̀rù pé òmíràn lè má dé mọ́ sì máa ń mú wa gba ohun tí a kò fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí fi pọn dandan fún wa ju fún àwọn ará ọ̀hún lọ.

Ta ló fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà?

Àwọn bàbá wa kì í fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn láìrán alárinà lọ wádìí ilé. Wọ́n á bèèrè irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, àrùn tó wà nínú ìran wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe àna. Ẹ̀kọ́ yunifásítì náà ní ìwádìí tirẹ̀, àwa ará Àbújá kò sì ní àwáwí, nítorí pé ẹnu ọ̀nà wa ni àwọn tí a máa bi léèrè wà. Bwari ni JAMB wà. Maitama ni NUC wà, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì.

NUC kì í fọwọ́ sí yunifásítì lódindi kó tán síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ tó bá pé ojú ìwọ̀n máa ń gba ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún. Èyí tó bá ní àléébù díẹ̀ máa ń gba ti ọdún méjì, kó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tó bá kùnà kò ní gba ọmọ titun. Nítorí náà, orúkọ yunifásítì lè dún títí dé òkè òkun kí ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ má ní ìfọwọ́sí tó pé. Àwa ará ìlú yìí rí i. Ní 2012, NUC dá àwọn ẹ̀kọ́ kan dúró ní University of Abuja ní Gwagwalada, ìṣègùn òyìnbó àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn. Wọ́n ṣe àtúnṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà lórí ìjókòó nígbà yẹn ló fi ọjọ́ orí wọn san gbèsè náà.

Lẹ́yìn NUC, àwọn àjọ oníṣẹ́ tún wà. COREN ló ń mójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ló ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. MDCN ló ń mójú tó ìṣègùn, òun ló sì ń sọ iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ẹ fi èyí dá ìyá ọmọbìnrin wa lóhùn: bí àjọ náà bá ti ka iye ìjókòó tó wà nínú kíláàsì Medicine, àlàfo tí ọmọ Anatomy máa cross sí kéré gan-an, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń du díẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá gba Anatomy, kó gbà á nítorí pé ó lè fi tayọ̀tayọ̀ ka Anatomy jáde.

Ọ̀rọ̀ Law School, tí ẹni tó ka òfin gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó di agbẹjọ́rò, tún wà níbẹ̀. Bwari ni olú ilé Nigerian Law School wà, ìlú kan náà pẹ̀lú JAMB. Síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ka òfin ní National Open University, yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, kò lè wọ Law School. Àwọn àgbàlagbà kàwé, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n gba dìgírì, ilẹ̀kùn sì tì. Ó di oṣù Kejìlá 2018, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin yunifásítì náà, kí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọn ì bá bèèrè kí wọ́n tó san owó àkọ́kọ́ ni pé: lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí yìí, ta ló máa gbà mí?

Yábàá ní 1934, Kútọnu ní 2023

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe titun fún ìran wa. Ní 1934, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí Higher College sí Yábàá. Ilé náà dára, àwọn olùkọ́ rẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò níyì kọjá Nàìjíríà, igbákejì òyìnbó lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó kò gbà. Ernest Ikoli, Dókítà J. C. Vaughan, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies wà lára àwọn tó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún náà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹgbẹ́ tó padà di Nigerian Youth Movement. Nígbà tí University College dé sí Ìbàdàn ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì wà lábẹ́ University of London kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè dúró níbikíbi. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ tí ìwé rẹ̀ kò dúró, àsìkò ọmọ ló ń jẹ.

Ẹ wá wo èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé òun gba dìgírì lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín oṣù méjì péré, ìwé náà sì gbé òun dé NYSC. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Àwọn oníjìbìtì nìkan kọ́ ló jìyà. Àwọn ọmọ tó kàwé tọkàntara ní ọ̀hún, tí wọ́n sùn ní yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí wọ́n kọ́ èdè Faransé kí wọ́n lè ra oúnjẹ lọ́jà, ojú kan náà ni wọ́n fi wo ìwé tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé àyè wà nílẹ̀ òkèèrè, kò sí JAMB, kò sí wàhálà, kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ níbí kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n mọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Owó ọdún àkọ́kọ́ kọ́ ni owó

Lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ohun kejì tó yẹ kí a wádìí ni owó. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni gan-an lọ́wọ́ ọmọ tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn owó mìíràn yí i ká. Iye tí wọ́n sì dá lónìí lè má jẹ́ iye ọ̀la. Ní 2023, owó tí University of Lagos ń gbà kúrò ní nǹkan bí 19,000 náírà, ó kọjá 100,000 kí ìjíròrò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tó dín in kù díẹ̀. Ní yunifásítì aládàáni ìlú wa níbí, mílíọ̀nù la fi ń ka owó ọdún kan.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣírò ọdún àkọ́kọ́. Ẹ ṣírò ọdún ìkẹyìn. Ẹ wá ọmọ tó wà ní ìpele ìkẹyìn nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ bi í pé: èló lo san lọ́dún yìí, títí kan ibùgbé, ìwé, aṣọ iṣẹ́ àti owó ọkọ̀? Iye tó bá dá ni kí ẹ fi ọdún ẹ̀kọ́ náà sọ di púpọ̀. Bí bàbá ọmọbìnrin wa bá lè san owó Nursing fún ọdún méjì, tó wá ń retí pé Ọlọ́run á pèsè mẹ́ta tó kù, ìgbàgbọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n lé kúrò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọdún kẹta nítorí gbèsè ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ìrànwọ́ wà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ NELFUND ń bójú tó. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ni ojú òpó rẹ̀ ṣí. Kò ní èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, 20,000 náírà sì wà fún ìtọ́jú ọmọ lóṣooṣù. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni ìsanpadà tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ẹni tó bá gbójú lé e gbọ́dọ̀ fi í sọ́kàn nígbà tó bá ń yàn.

Nǹkan kan tún wà tí àwa tí a bímọ sí Garki àti Gwarinpa máa ń gbàgbé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ní iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san, ó sì dín sí ti àlejò. Àwọn yunifásítì bíi Ìbàdàn àti Ifẹ̀ náà máa ń ka àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mọ́ agbègbè tiwọn nígbà ìgbaniwọlé. Ọmọ yín lè má mọ ọ̀nà Ìlá tàbí Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ fún un ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí àsìkò tó dé.

Iye ọdún, àti ibi tí ọmọ máa gbé

Kò sí ẹni tó lè bá ọmọ Nàìjíríà sọ̀rọ̀ yunifásítì kó má dárúkọ ìyanṣẹ́lódì. Ní 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́sàn-án yanṣẹ́ lódì. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n fi wà níta. Ọmọ tó wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní 2019 pàdánù nǹkan bí oṣù 17. N kò sọ ọ́ láti dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń jà fún. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ ni iye tí ọmọ máa lò. Ẹ tún wo ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjà lórí owó sì ti ilé ẹ̀kọ́ náà léraléra kó tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan ní 2020.

Ní ti ibùgbé, ẹ má fi ojú fọ́tò inú ìwé ìpolówó wò ó. Ẹ lọ síbẹ̀. Bí Gwagwalada ni, ẹ wọ ọkọ̀ láti Bẹ́gà lọ sí Giri ní aago méje àárọ̀, kí ẹ rí ohun tí ọmọ tí kò rí yàrá nínú ọgbà máa fojú rí lójoojúmọ́. Ẹ bèèrè ààbò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 2021, àwọn agbébọn wọ ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ University of Abuja, wọ́n jí ènìyàn gbé kí agbófinró tó gbà wọ́n padà. Kò sí ìlú tí a lè pè ní ibi ààbò pátápátá lónìí, ṣùgbọ́n òbí tó bèèrè ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà gan-an, kí ẹ wo yàrá àyẹ̀wò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bóyá ohun èlò wà nínú rẹ̀ àbí tábìlì nìkan. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iye olùkọ́ tó ń wá kíláàsì ní tòótọ́.

Ta ló ń yàn?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bàbá ló mọ owó tó wà lápò. Ìyá ló mọ ìlera àti ìwà ọmọ. Ọmọ ló mọ ohun tó lè jí ní òru kà láìsí pé ẹnikẹ́ni lù ú. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá dákẹ́, ìpinnu náà kò pé. Òbí tó ní “ìwọ ṣáà wọlé, èmi ni mò ń sanwó” ti gba ìwé ẹ̀rí fún ara rẹ̀, kì í ṣe fún ọmọ.

Ọmọbìnrin wa ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ dókítà ló wà lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́, mo máa ní kó má gba Anatomy pẹ̀lú ìrètí cross. Kó jókòó ọdún kan. Kó tún JAMB ṣe, tàbí kó ṣe ètò ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ bíi JUPEB tàbí IJMB tó lè gbé e wọ 200 level nípasẹ̀ Direct Entry. A máa ń sọ pé ọdún kan ti ṣòfò, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi oṣù 17 jókòó sílé láìṣẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú aláìsàn ló wù ú, tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, tí bàbá rẹ̀ sì lè rí owó rẹ̀ dé òpin, Nursing kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì. Iṣẹ́ iyì ni. Ti Lọ́ńdọ́nù, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ ní pọ́n-ùn, kì í ṣe ní náírà, nítorí pé láti oṣù Kẹfà 2023 ni náírà ti já sílẹ̀ gidigidi.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìwọlé yín lórí JAMB, ọwọ́ ara yín ni kó wà. Ẹ má fi sílẹ̀ fún oníkáfé. Lọ́jọ́ tí àyè bá dé, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ẹ wo gbèdéke tí wọ́n fún yín, kí ẹ lo àwọn ọjọ́ tó wà láàárín láti bèèrè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí ọmọ tó rí àyè níbi tí orúkọ rẹ̀ kò dún. Bí ẹ̀kọ́ náà bá ní ìfọwọ́sí, tí olùkọ́ wà, tí owó rẹ̀ kò ní dá yín dúró lọ́nà, kó lọ. Bó bá sì jẹ́ pé àyè pólì ló dé, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wu ọmọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè é ní ìjákulẹ̀.

Ẹ̀yin aṣáájú wa, dókítà wà nínú gbọ̀ngàn yìí, agbẹjọ́rò wà, ẹnjiníà wà, òṣìṣẹ́ JAMB àti NUC tó ti fẹ̀yìn tì wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ yan ìgbìmọ̀ kékeré nínú wọn, kí wọ́n máa jókòó lọ́jọ́ Sátidé nígbà ìgbaniwọlé, kí ọmọ èyíkéyìí lè gbé ìwé rẹ̀ wá láìsan kọ́bọ̀, kó bi wọ́n léèrè kó tó tẹ “Accept”. Àga àti tábìlì ti wà nílẹ̀. Àsìkò wa ló kù.